Ahoro Tí Kò Lógiri: Ìrìn Ẹsẹ̀ Láti Òkukù Dé Kírìjì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ahoro tó ṣì dúró ṣánṣán, kó wọ bàlúù lọ sí Peru. Òkúta ni àwọn Inca fi kọ́ Machu Picchu sórí òkè ní nǹkan bí ọdún 1450, òkúta náà sì wà lórí ara wọn títí dòní. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn àlejò fi ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ síbẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 43, wọ́n á sì gba ibì kan tó ga ju mítà 4,200 lọ, níbi tí èémí ti ń wọ́n ènìyàn. Ìjọba wọn ti fòfin dè é: ènìyàn 500 péré ló lè wọ ọ̀nà náà lójúmọ́, àwọn alárù wà nínú iye yẹn, oṣù kejì ọdún ni wọ́n sì máa ń tì í pa kí wọ́n lè tún un ṣe. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní London àti ní Amẹ́ríkà ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Fọ́tò náà dáa, n kò ní purọ́.

Ahoro tiwa kì í gba fọ́tò. Láti Òkukù wá sí Ìníṣà, sí Ìbà, sí Ìkìrun, kí ènìyàn wá kọjú sí ìlà oòrùn, kó gba Ìrèé àti Àdá gun òkè lọ sí Ìgbájọ, kó sọ̀ kalẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, orí ahoro ló ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlú ti tú níbẹ̀, ìlú ti ṣí níbẹ̀, bùdó ogun tí èrò inú rẹ̀ ju ti ìlú lọ ti wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọkọ̀ lè gbé ènìyàn já gbogbo rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, tó ń yà sí oko, tó ń béèrè, tó ń sùn lọ́dọ̀ ará, yóò lo ọjọ́ mélòó kan. Mo ti rìn ín, ohun tó sì yẹ kí ojú máa wá ni mo fẹ́ sọ, torí igbó lásán ni ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wá máa rí, á sì délé wí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi kọ́lé. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi fà, wọ́n á wá máa mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ilé bẹ́ẹ̀ le, bí òrùlé bá wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí koríko orí rẹ̀ bá ti ṣí, ó bùṣe. Òjò á kọ́kọ́ fọ orí ògiri, ikán á wọnú igi àjà, igun ilé kan á yẹ̀, ìyókù á sì tẹ̀lé e. Kò ní í pẹ́ púpọ̀ tí gbogbo rẹ̀ á fi di òkìtì, tí koríko á sì bo òkìtì. Àgbẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà á kọ ebè lé e, torí ilẹ̀ ahoro máa ń lọ́ràá: eérú ààrò, ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ìran mélòó kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣu máa ń ta dáadáa níbi tí ilé ọlọ́sìn ẹran ti wà rí. Bí àgbẹ̀ kan bá sọ fún yín pé ibì kan lóko òun kò gba ajílẹ̀, ẹ bi í léèrè ẹni tó ti gbé ibẹ̀.

Ohun tí òjò kò lè fọ̀ ni ojú á máa wá. Àpáàdì pọ̀ jù, torí kò sí ilé tí ìkòkò kì í fọ́. Ìdàrọ́ wà, dúdú, ó wúwo ju òkúta tó tóbi tó o lọ. Ibi tó bá pọ̀ sí, àwọn alágbẹ̀dẹ tàbí àwọn tó ń yọ́ irin ti wà níbẹ̀. Lórí àpáta, ẹ wo ihò tó tẹ́jú, tó dán nínú: obìnrin ló lọ ata àti ọkà níbẹ̀ títí àpáta fi jẹ. Yàrà ìlú, ìyẹn kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun, lè má jìn ju orúnkún lọ mọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ̀lé e, á rí i pé ó ń yípo, omi òjò sì ṣì ń gba inú rẹ̀ lọ.

Igi náà ń ṣèrántí. Pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín igbó kò hù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀: ààlà ni, tàbí ojúbọ. Akòko, tí wọ́n ń já ewé rẹ̀ lé ìjòyè lórí, kì í sábà jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ oyè. Oṣè ràbàtà tàbí ọdán tó gbòòrò nínú oko tí kò sílé nítòsí, ẹ béèrè bóyá ọjà ti ná níbẹ̀ rí. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì rìn kọjá lára irú pèrègún bẹ́ẹ̀, tó ń wá òkúta ògiri lójú méjèèjì.

Òkukù ló yẹ kí ìrìn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí Òkukù tó wà, Kọ̀ọ̀kin ni àwọn baba wọn ń gbé, ogun Ìjẹ̀ṣà Arárà ló sì fọ́ Kọ̀ọ̀kin ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìlú Kọ̀ọ̀kin kò sí mọ́, àmọ́ kò sí agboolé ní Òkukù tí ẹ máa dárúkọ rẹ̀ tí wọ́n á ní àwọn kò gbọ́ ọ rí. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù láàárín ọdún 1974 sí 1977, tẹ ìwé jáde ní 1991 lórí oríkì ìlú náà, ìwé yẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lágbàáyé mọ ohun tí àwọn ìyàwó ilé Òkukù ti ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́: oríkì orílẹ̀ ń dárúkọ ìlú tí ìdílé ti ṣí wá, bí ìlú ọ̀hún tilẹ̀ ti di igbó, ó ń sọ irú omi tó wà níbẹ̀, irú igi, irú iṣẹ́, irú òkú tí wọ́n sin. Lọ́wọ́ obìnrin ló pọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ahoro wà ní agbègbè wa, tó lọ bá àwọn ọkùnrin ní gbàgede tó fi àwọn ìyá sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Òkukù fúnra rẹ̀ di ahoro lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 1878, nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Èkìtì gbóná, gbogbo ìlú kó lọ sá sí Ìkìrun, wọn kò sì padà títí di 1893. Ọdún 15. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa koríko orí ilé. Àwọn tó bímọ sí Ìkìrun kó ọmọ tó ti tó oko ro padà wá sí òkìtì, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́lé, baálé ilé sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ń sọ pé ibí ni ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá mi. Mi ò tíì rí i nínú ìwé kankan bí wọ́n ṣe yanjú ìjà ààlà tó máa tìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yọ.

Láti Òkukù sí Ìníṣà, ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà rélùwéè kò sì jìnnà. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìlọrin ní 1908, ó sì mú kí àwọn ìlú tó ti ń fi gbogbo ọ̀rúndún ṣí kiri fìdí kalẹ̀ síbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tó dá ìṣílọ dúró, yàtọ̀ sí àlàáfíà.

Odò Ọtìn ló kàn. Ìníṣà àti Òkukù ń bọ ọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin ni, pé láti Ọ̀tan lókè lọ́hùn-ún ló ti wá, ó wá gba Ìníṣà lọ́wọ́ ọ̀tá, kò sì padà sílé mọ́, ló bá di odò. Ẹni tó ń rìn láti Ìníṣà lọ sí orí òkè, ọ̀nà tí Ọtìn gbà wá ló ń gbà padà. Nínú ọyẹ́, ní ìsàlẹ̀ Ìbà, ènìyàn lè ká ṣòkòtò kó sì la omi náà kọjá láìjẹ́ pé ó kan orúnkún. Púpọ̀ nínú omi rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ìdídò Èkó-Ẹndẹ, tí wọ́n ń fà sí ẹ̀rọ omi àwọn ìlú wa. Mo jókòó ní bèbè rẹ̀, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tó ti tutù, ọmọ kan sì ń fọ ọ̀kadà rẹ̀ ní ibi tí omi ti rọra ń ṣàn. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó fi hàn pé ibí ni ọmọ ogun ti kú sódò lọ rẹpẹtẹ.

Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìbàdàn ló ń jọba lé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí nígbà náà, ó ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ajẹ́lẹ̀ náà àti ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń ṣe ohun tó wù wọ́n pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn àti ìyàwó oníyàwó. Lọ́dún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú wọn, ọ̀rọ̀ sì bẹ́. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin para pọ̀, wọ́n kọjú sí Ìkìrun, tó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Balógun Ìbàdàn, Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, kó ogun wá láti gba ìlú náà sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ni wọ́n pàdé, Ìbàdàn sì fọ́ wọn. Àwọn tó ń sá lọ sí ìhà àríwá bá Ọtìn lọ́nà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ní oṣù yẹn, odò wa kì í tíì fà. Ogun lẹ́yìn, omi níwájú. Orúkọ tí wọ́n sọ ogun náà, Jálumi, kò nílò àlàyé fún ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ Yorùbá.

Ní Ìbà àti àyíká rẹ̀, kò sí òkúta ìrántí kan fún Jálumi tí mo rí. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kó wà. Ìdílé mélòó kan ló wà ní agbègbè yìí tí baba wọn wà lápá kìíní, tí ìyá wọn sì ti apá kejì wá, ó sì le láti mọ ẹni tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sókè.

Láti Ìkìrun ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àpáta á máa yọ orí láàárín ilé, àwọn òkè kékeré á máa tò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ tètè jí. Ní ọyẹ́, kí ènìyàn ti kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ dára, torí tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, oòrùn ti wà lórí àpáta, ooru á sì máa ti ìsàlẹ̀ àti òkè wá. Bàtà tó lẹ́yìn dáadáa ni kí ẹ wọ̀; sálúbàtà kò yẹ ẹ́. Gààrí, kúlíkúlí, omi púpọ̀, aṣọ tó bo apá nítorí ewé iná. Láti Ìrèé dé Àdá, ọ̀nà ọ̀dà ni, kò sí àpọ́nlé kankan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: àwọn ọlọ́kadà á máa dúró, wọ́n á máa bi yín pé ta ló ṣe yín ní nǹkan. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn Àdá, bí ẹ bá ti rí ẹni mú yín gba ọ̀nà oko, ẹ kúrò lójú ọ̀dà.

Ohun kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti yí ìrìn padà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ má dá lọ. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ní ìlú tí ẹ ti ń gbéra, ẹ dé ààfin tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ kí ẹ tó wọ oko ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì mú ọdẹ tó mọ ilẹ̀ dání, kí ẹ fún un lówó tó pé. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Peru, èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ má ná an lówó.

Ìgbájọ wà lókè. Iyán ibẹ̀ nìkan tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ gun òkè. Láti ibẹ̀ ni ojú ti ń rí àfonífojì tó wà láàárín rẹ̀ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, inú àfonífojì yẹn àti orí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì rẹ̀ sì ni ogun tó gùn jù nílẹ̀ wa ti jà.

Jálumi kò parí ọ̀rọ̀. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó bá wọn lọ, tí wọ́n ń pè ní Èkìtìparapọ̀, tún ara wọn kó jọ, wọ́n fi Ọgẹ́dẹ̀ǹgbé ti Iléṣà ṣe olórí ogun, Ìbàdàn náà sì tì wọ́n títí dé òkè wọ̀nyí. Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Kò sẹ́ni tó lè lé ẹnì kejì kúrò. Ààrẹ Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti Ìbàdàn wá fúnra rẹ̀, inú bùdó náà ló sì kú sí ní 1885, kò padà délé. Ohun tó jẹ́ kí òkè méjèèjì dọ́gba ni ìbọn. Ṣakabùlà, tí wọ́n ń ti ẹnu kì, ló wà lọ́wọ́ Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn ẹrú tó padà láti Sàró àti Brazil, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ra Snider ránṣẹ́ sílé, ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kì, tó ń yìn kíákíá. Ìró ìbọn láàárín òkè ló bí orúkọ Kírìjì.

Ẹ má fojú inú wo àgọ́ aṣọ. Ogun tó bá gbé ọdún méje lójú kan á kọ́lé. Bùdó méjèèjì di ìlú: ilé amọ̀ àti koríko, agboolé olórí ogun kọ̀ọ̀kan, ojú ọjà, oko. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀. Ọ̀nà tí ń lọ sí Ìbàdàn gba Ìkìrun kọjá, ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ àti ẹ̀tù ń gbà wọlé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀nà tí àwa ń fi gbafẹ́ rìn lónìí, obìnrin ló ti fi orí ru ẹrù kọjá lórí rẹ̀, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ níwájú àti lẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Gómìnà Moloney rán òyìnbó méjì, Higgins àti Smith, wá láti Èkó kí wọ́n rí i pé bùdó méjèèjì tú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ti ń rìn láàárín òkè méjèèjì àti Èkó pẹ̀lú ìwé tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ síbẹ̀. Johnson yìí náà ló kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, ìwé ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run: ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó tó máa tẹ̀ ẹ́, ó sọnù, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló fi ohun tó kù sílẹ̀ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó fi jáde ní 1921. Àwa tí à ń ṣàròyé pé amọ̀ kì í pẹ́, bébà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé àdéhùn náà ní Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ á ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn kan kó. Ìṣílọ tún nìyẹn, ilé òfìfo tún nìyẹn. Iná ni wọ́n sì fi sí bùdó nígbà tí wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kò tilẹ̀ lọ sílé tààrà. Ìkìrun ni wọ́n padà sí, nítorí ọ̀ràn Ọ̀fà àti Ìlọrin tí kò tíì yanjú, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di 1893. Ìdí nìyẹn tí Òkukù fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà sílé.

Bàbá ọdẹ kan ló mú mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́, orúnkún ló ń jẹ ìyà rẹ̀ ju èémí lọ, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń yọ́ lábẹ́ bàtà. A rìn títí, a la oko ẹ̀gẹ́ kan kọjá, a wọ inú ẹgàn kékeré, a tún jáde sí oko kòkó. Sùúrù mi tán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni bùdó yẹn wà?"

"O ti wà nínú rẹ̀ látìgbà tí a ti kọjá ẹ̀gẹ́ yẹn," ni wọ́n ní.

Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá ha ewé kòkó gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpáàdì ló wà níbẹ̀, mẹ́ta, mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ní ilà tó rí fínnífínní létí, irú èyí tí amọ̀kòkò máa ń fà sára ìkòkò nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni òkúta mẹ́ta tó kọjú sí ara wọn, dúdú ní apá inú. Ẹnìkan ti dáná níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ogun ni, bí ó sì jẹ́ ti àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni, mi ò lè búra, bàbá náà kò sì gbìyànjú láti búra fún mi. Wọ́n nawọ́ sí òkìtì kan tó gùn, tó tẹ̀ bí ọrun, tí igi kòkó hù lórí rẹ̀. "Àwa kì í gbẹ́ ibẹ̀," wọ́n ní. "Bàbá mi kò gbẹ́ ẹ." Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Mo mú àpáàdì onílà yẹn lọ́wọ́ pẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà síbi tó wà, wọ́n fi ewé bò ó. Òfin orílẹ̀-èdè yìí lórí ohun àtijọ́ kò fàyè gba kí ènìyàn máa kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílùú láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n n kò rò pé òfin ni bàbá ń rò.

Lọ síwájú díẹ̀ sí apá Òkè-Ìmẹ̀sí, òkúta á yí padà, á di funfun, á máa dán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta láti yunifásítì máa ń wá síbẹ̀ dáadáa, torí bí àpáta ibẹ̀ ṣe ká lórí ara rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ń kó hámà wá, wọ́n ń pàgọ́, wọ́n ń ya àwòrán òkè. Orí ilẹ̀ Fábùnmi ni wọ́n wà. Ẹ̀kọ́ ìtàn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ṣe, ẹ ò sì lè bá wọn wí.

Àwọn kan á ní kí ìjọba ṣe Kírìjì bíi ti Ìdànrè. Mo ti gun Ìdànrè: àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà níbẹ̀, ilé ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ ṣì wà lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ kì í ṣe àtẹ̀gùn ló tọ́jú Ìdànrè. Àwọn ará ìlú ń padà gòkè lọ ṣe ọdún, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń tún òrùlé ṣe, nítorí náà ògiri kò rí àyè wó tán. Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní àárín 1830 sí 1840, ní ọgbà ìjọba tó tóbi gan-an yí i ká, síbẹ̀ ènìyàn mélòó ni ẹ mọ̀ tó ti débẹ̀? Kò sí ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti ṣe nǹkan kan. Ti Kírìjì tún wá le ju ìyẹn lọ. Bùdó ogun kò ní ọmọ ìlú. Àwọn tó gbé ibẹ̀ padà sí Ìbàdàn, sí Iléṣà, sí ìlú Èkìtì gbogbo. Kò sí agboolé kan tó ń ki ara rẹ̀ ní ọmọ Bùdó Kírìjì.

Nǹkan tí mo bẹ̀rù ni katakata. Láàárín Ìkìrun sí Àdá nìkan, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún kíkọ́lé àti ọ̀nà kò wọ́n, àpáta tó ní ihò ọlọ sì dùn ún fọ́ bí èyí tí kò ní. Pílọ́ọ̀tì ń tẹ̀ síwájú láti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ bá èkejì. Ohun tí òjò 140 ọdún kò lè mú kúrò, ọkọ̀ náà lè kó o láàárín wákàtí kan, ẹni tó ń wà á kò sì ní mọ̀, torí kò sí ògiri tó máa sọ fún un. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó ronú ilé ìtura, bí wọ́n bá lè rán akọ̀wé kan pẹ̀lú fóònù tó ní máàpù lọ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá agboolé, láti Òkukù dé Ìgbájọ, kó máa kọ orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ti ṣe nìyẹn. Orúkọ oko ń sọ púpọ̀. Oko tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọdán tàbí Ẹ̀yìn-Yàrà, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó kí ẹ tó ta á.

Ìlá-Yàrà ló kù nínú èyí tí mo fẹ́ rìn. Ibẹ̀ ni àwọn Ìlá gbé kí wọ́n tó pín sí Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, Aribidesi Usman tó jẹ́ onímọ̀ nípa ahoro sì ti walẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí yàrà àti odi tó yí i ká. Láti Òkukù, ọ̀nà oko wà lọ sí apá ibẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró kí àwọn àgbẹ̀ kórè ọkà tán, torí ní báyìí, ẹni tó bá dúró lórí odi náà kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.